Péńtì tí ò wọ́n fún yàrá kan: ògiri ń yí mọ́ aṣọ, ìsàlẹ̀ ń wú, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àdùkẹ́ Bódìjà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kun yàrá kan nínú ilé tí mo háyà. Ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ni, ògiri ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé méjì. Búlúù tó dúdú ló wà lára rẹ̀, kírímù ni mo fẹ́. Béèyàn bá fara ti ògiri, búlúù yẹn á yí mọ́ aṣọ. Ògiri tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé tún ti wú nísàlẹ̀, péńtì ibẹ̀ ń bó. Lọ́jà, rọ́bà péńtì oní-lítà 20 tó wọ́n jù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí owó ẹ̀ kéré jù. Ṣé orúkọ lásán là ń sanwó fún ni, àbí ohun tó wà nínú ẹ̀? Mélòó ni yóò sì tó mi?

Akunlé Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ìmúra, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọ́bà dúró ná, ògiri lẹ ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Péńtì tó bá ti ń yí mọ́ aṣọ, ohun tó so ó mọ́ ògiri ti tán nínú ẹ̀, ó ti di lẹ́búlẹ́bú. Bẹ́ ẹ bá kun tuntun lé e, lẹ́búlẹ́bú yẹn ni tuntun á dì mú, kò ní kan ògiri rárá. Tẹ́ ẹ bá wá fi rólà gba orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, omi inú péńtì á ti rin dé ìsàlẹ̀, rólà á sì máa ká a kúrò ní abala abala. Ohun yòówù kẹ́ ẹ san lórí péńtì, kò lè yọ yín nínú èyí.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ibi tí ọwọ́ bá ti yọ búlúù, ẹ fi sìkírépà ha èyí tó ti ń bó, kẹ́ ẹ fi sáńpépà 120 yún ìyókù. Ẹ bo imú o. Lẹ́yìn náà, kàn-ìn-kàn-ìn pẹ̀lú omi àti ọṣẹ díẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí omi bá ti di búlúù, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ pọn òmíràn. Ẹ fi omi lásán ṣan án gbẹ̀yìn, torí ọṣẹ tó bá kù lára ògiri náà kì í jẹ́ kí péńtì dì. Ó fẹ́ odindi ọjọ́ kan kó tó gbẹ, nígbà òjò ẹ fún un ní méjì.

Bí ebu dúdú bá wà ní igun àjà, Hypo ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́ta lẹ ó fi sí i. Ẹ fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ tó fi omi ṣan án. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì po Hypo mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn, pàápàá èyí tó ní ásíìdì tàbí ammonia. Èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá.

Ibi tó bá la, ẹ fi ọ̀bẹ fẹ ẹnu ẹ̀ díẹ̀, ẹ gbá eruku inú ẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi filler, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ògiri, dí i. Ihò tó bá jìn ju mìlímítà mẹ́ta lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni kẹ́ ẹ dí i, torí filler máa ń súnkì bó bá ń gbẹ. Ẹ fi sáńpépà 180 yún un kó tẹ́jú.

Ẹ wá fi primer ògiri tó jẹ́ acrylic, ìyẹn ohun tí wọ́n ń kùn ṣáájú péńtì, kùn ún lẹ́ẹ̀kan. Bó bá gbẹ, ẹ tún fi ọwọ́ nu ún. Bí ọwọ́ bá mọ́, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí búlúù bá ṣì ń yọ, ẹ ò tíì fọ̀ ọ́ tó.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ screed gbogbo yàrá, ìyẹn kẹ́ ẹ rẹ́ ojú ògiri kó lè jọ̀lọ̀. Bí ògiri bá tẹ́jú, ẹ má náwó yẹn. Àwọn tó screed lórí irú lẹ́búlẹ́bú yìí láìfọ̀ ọ́ ni gbogbo ẹ̀ ń já lulẹ̀ pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́.

Apòpéńtì:

Ọ̀gá Mọ́kọ́lá ti bá yín ṣe ti ògiri, ẹ jẹ́ n mú ti rọ́bà.

Nínú emulsion, ìyẹn péńtì olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri, omi wà níbẹ̀, titanium dioxide tó ń bo àwọ̀ àtijọ́ wà níbẹ̀, calcium carbonate tó jẹ́ ìyẹ̀fun òkúta funfun wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun ìdè, ìyẹn acrylic tàbí PVA, tó ń so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ògiri. Titanium àti ohun ìdè ló ń gbówó. Ẹni tó bá fẹ́ kí rọ́bà ẹ̀ pọ̀ọ́kú, àwọn méjì yìí ló máa dín, calcium ló sì máa fi dí àyè wọn. Ohun tí wọ́n fi ń mú péńtì ki kò wọ́n rárá, fún ìdí èyí, ẹ má fi kíki ṣe ẹ̀rí. Ẹ má fi wíwúwo ṣe ẹ̀rí, calcium wúwo.

Ohun kan wà tó ń tan àwọn oníbàárà jẹ. Péńtì tí calcium pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa ń bo nǹkan dáadáa bó bá gbẹ, nítorí afẹ́fẹ́ há sáàárín ìyẹ̀fun yẹn, òun ló ń mú kó funfun. Ẹ jẹ́ kí omi kàn án, afẹ́fẹ́ á jáde, búlúù ìsàlẹ̀ á tún yọjú. Ẹni tó ń nu ògiri ẹ̀ tó ń rí àpá dúdú níbi tó nù, ohun tó fà á nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó ra púpọ̀, ẹ ra lítà kan. Ẹ wá abala páálí tó le tàbí pákó pẹlẹbẹ, ẹ fi máàkà dúdú fa ìlà nínípọn sí i, kẹ́ ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi aṣọ tútù nu ún lọ nù ún bọ̀ nígbà ogún. Bí aṣọ bá funfun, tí ìlà sì ń hàn ketekete, ẹ fi péńtì yẹn sílẹ̀ fún wọn. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ pẹ̀lú: péńtì tó bá ń rùn bí ohun tó bà jẹ́, kòkòrò àìfojúrí ti wọ inú ẹ̀, kò ní pẹ́ ṣomi.

Ó ku ìṣirò. Ẹsẹ̀ bàtà 48 ni ìyípo yàrá yín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10, ó di 480. Ẹ yọ ilẹ̀kùn (3 sí 7, ìyẹn 21) àti fèrèsé méjì (bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 4 sí 4, ìyẹn 32), ó ku 427. Ẹ fi 10.76 pín in, ó jẹ́ nǹkan bí 40 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì, 80. Péńtì tó bá ń bo mítà 10 lórí lítà kan, lítà 8 ló fẹ́. Èyí tó bá ń bo mítà 5 péré, lítà 16. Nítorí náà, rọ́bà tí owó ẹ̀ jẹ́ ìlàjì kò dín owó yín kù níbí, yóò sì tún gba ìkùn kẹta lórí búlúù.

Èyí tó wọ́n jù náà kọ́ ni kẹ́ ẹ rà. Ohun tó ń gbé owó ẹ̀ ga ni pé ó ṣeé fọ̀, satin ni, ìyẹn péńtì tó ń dán díẹ̀. Yàrá ìsùn ò nílò ẹ̀, satin sì máa ń fi gbogbo gbágungbàgun ògiri hàn. Ẹ lò ó sí ẹnu ọ̀nà, ilé ìdáná, ibi tí ọwọ́ ọmọdé ń dé. Emulsion agbedeméjì ló yẹ yín: primer funfun lítà 4, kírímù gálọ́ọ̀nù mẹ́ta oní-lítà 4. Ẹ wo iye lítà tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ẹ má wo bí ike ṣe tóbi tó.

Ẹ da kírímù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ike ńlá kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọ̀ gálọ́ọ̀nù kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tinter, ìyẹn aró péńtì, po àwọ̀ fúnra yín nínú funfun, ẹ má kọjá mìlílítà 50 sí lítà kan. Tinter ò ní ohun ìdè nínú, tó bá pọ̀ jù, péńtì á máa yí mọ́ọ̀yàn lára.

Ìyá Ìlàjú:

Bí primer bá wọ́n, ṣebí bọ́ńdì funfun ni àwọn akunlé ń po mọ́ omi, ọ̀kan sí mẹ́rin, tí wọ́n fi ń kun ògiri ṣáájú? Owó ẹ̀ kéré.

Apòpéńtì:

Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, ìyá wa, mi ò sì ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. PVA ni bọ́ńdì yẹn, ó máa ń rọ̀ padà bí omi bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Omi inú péńtì nìkan tó láti jí i, ká má tíì sọ ti ògiri tó ń fa omi nílẹ̀. Á wá di awọ dídán kan láàárín ògiri àti péńtì, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ á ti ṣí. Bí owó ò bá tó, ibi tó ń yí mọ́ ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fi primer kùn.

Àdùkẹ́ Bódìjà:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti ògiri tó wú ńkọ́? Ẹnì kan ní kí n fi gloss, péńtì tó ń dán yẹn, kùn ún kí omi má lè jáde mọ́. Mélòó ni omi tí mo máa là mọ́ péńtì gan-an?

Akunlé Mọ́kọ́lá:

Ẹ má fi gloss kan ibẹ̀. Omi ń bọ̀ láti inú ògiri, bẹ́ ẹ bá dí ojú ẹ̀, á kóra jọ sẹ́yìn péńtì, á wú, á bẹ́. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí ẹ̀ mọ́ ògiri fún ọjọ́ méjì. Bí ìrì bá wà lẹ́yìn ẹ̀, láti inú ògiri ni. Bó bá jẹ́ iwájú ló tutù, afẹ́fẹ́ yàrá ló lómi, ẹ máa ṣí fèrèsé. Tó bá jẹ́ ti inú, ẹ lọ sẹ́yìnkùlé: ṣé wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ ti ògiri ga ju ilẹ̀ yàrá lọ, ṣé páìpù ń jò, ṣé omi òrùlé ń dà sí ìdí ògiri? Wíwó rẹ́ndà ìsàlẹ̀, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, àti títún un rẹ́, iṣẹ́ onílé nìyẹn, ẹ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí i. Títí di ìgbà náà, ẹ ha ibẹ̀, kẹ́ ẹ fi emulsion lásán kùn ún kó lè máa mí.

Omi: ìkùn àkọ́kọ́, ẹ má kọjá mìlílítà 150 sí lítà kan; èkejì, 50 sí 100. Ẹ fi ife kan náà wọ̀n ọ́. Àwọn tó ń la omi tó ìdajì péńtì, ohun ìdè ni wọ́n ń fọ́n ká, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ bí búlúù yín ṣe di lẹ́búlẹ́bú nìyẹn.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníǹṣì 2 gba etí àjà àti ti fèrèsé, kẹ́ ẹ gbé rólà oníǹṣì 9 tẹ̀ lé e kí etí yẹn tó gbẹ. Rólà tuntun, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí irun ẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ mú ibi tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí rólà síhìn-ín sọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi rólà tí péńtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ẹ̀ fà á jẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ má dúró láàárín ògiri, igun sí igun ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ibi tẹ́ ẹ ti dúró á máa hàn. Lásìkò ọyẹ́ ó ń yá gbẹ, ẹ ti fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé títí ẹ ó fi parí. Wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín ìkùn kan sí èkejì, lójò ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Téèpù tẹ́ ẹ bá fi bo etí ibi tẹ́ ò fẹ́ kí péńtì kàn, kí ìkùn ìkẹyìn tó gbẹ tán ni kẹ́ ẹ ti ṣí i.

Bẹ́ ẹ bá máa kun ilẹ̀kùn pẹ̀lú, ibẹ̀ ni gloss ti wúlò. Péńtì ilẹ̀kùn àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà sáńpépà 180 oní-omi ni kẹ́ ẹ fi yún un ní tútù, kí ọmọdé àti aláboyún má sí nítòsí. Turpentine tàbí white spirit lẹ ó fi là á, kì í ṣe kẹrosíìnì. Kẹrosíìnì kì í tètè gbẹ, gloss á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, eruku á wọ̀ ọ́, dídán ẹ̀ á sì kú. Pẹtiróòlù ò tiẹ̀ yẹ kó wọ yàrá yẹn rárá.