Ìkọjá kọ́, ìfarakàn ni: lórí ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe "transit" lára àtẹ ìràwọ̀ ìbí

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a ti sọ láti ọjọ́ Ajé lórí ìbéèrè arábìnrin wa tó ń túmọ̀ iṣẹ́ àwọn awòràwọ̀ sí Yorùbá. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa: gbólóhùn tó dí i lọ́nà ni èyí tó ní kí ènìyàn mú àwọn "transit" ńláńlá inú ọdún (ìyẹn ìgbà tí ìràwọ̀ tó ń rìn lójú ọ̀run báyìí bá dé ibi tí ìràwọ̀ kan wà nígbà tí a bí i), kí ó fi ka "birth chart" rẹ̀, àwòrán ojú ọ̀run ìgbà ìbí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ "ìkọjá àwọn ìràwọ̀ lórí ìwé àyànmọ́". Ẹ̀gbọ́n wa kan tó mọ Ifá dáadáa ní "àkọsẹ̀jayé" ló yẹ kó rọ́pò ìwé àyànmọ́. Ẹlòmíràn ní kí a kàn kọ "tíránsíìtì" kí a sì sinmi.

Èmi kò fẹ́ kí a sinmi síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ara tí a lè dì mú, bí a bá kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí n kò ti lè gbà rárá, ìyẹn ìwé àyànmọ́. Ohun tí awòràwọ̀ ń yà sórí ìwé ni bí ojú ọ̀run ṣe rí ní ìṣẹ́jú tí a bí ọmọ, bí a bá dúró ní ìlú tí a bí i sí. Oòrùn wà níhìn-ín, òṣùpá wà lọ́hùn-ún, Sátọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ó pín òbìrìkìtì náà sí ọ̀nà 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígírì 30, gbogbo rẹ̀ di 360. Ìṣirò ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọn kò gbà pé ìràwọ̀ ń darí ayé ẹnikẹ́ni lè ṣe ìṣirò kan náà, èsì wọn á sì bá ti awòràwọ̀ mu. Ìtumọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìjà wà. Àyànmọ́ ńkọ́? Ohun tí a yàn mọ́ni ni. Àkúnlẹ̀yàn ni ohun tí a kúnlẹ̀ yàn, ọ̀dọ̀ Àjàlá tó ń mọ orí ni a sì ti ń gbé e, kì í ṣe ojú sánmà. Bí a bá pe àwòrán yẹn ní ìwé àyànmọ́, a ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́jọ́ tó lanu. Ẹni tó gbà á gbọ́ àti ẹni tí kò gbà á gbọ́ gbọ́dọ̀ lè fi orúkọ kan náà pe nǹkan náà kí wọ́n tó máa bá ara wọn jiyàn.

Ti ẹ̀gbọ́n wa lórí àkọsẹ̀jayé wúwo ju ìyẹn lọ, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rò ó. Òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì jọra: ọmọ tuntun ni wọ́n ń wò, ohun tí ó gbé wáyé ni wọ́n sì ń béèrè. Àmọ́ ní àkọsẹ̀jayé, babaláwo á gbé ikin tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kan nínú odù 256 á jáde, wọn á ki ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn á yan ẹbọ bí ẹbọ bá wà. Kò sí ìràwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tó ni ín, ẹni náà ṣì wà láàyè, ó ṣì ń fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí a bá gbé e fún àwòrán awòràwọ̀, tó jẹ́ iṣẹ́ àwọn ará Bábílónì àti Gíríìsì, ọmọ tí yóò ka ìwé wa lọ́la á rò pé sánmà ni Ifá ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, n kò lè fara mọ́ ọn.

Àwọn tó sún mọ́ iṣẹ́ awòràwọ̀ jù láàrín wa ni àwọn áfáà tó ń ṣe hìsáàbù. Wọ́n ń ka iye lẹ́tà orúkọ ènìyàn pọ̀ mọ́ ti ìyá rẹ̀, wọ́n mọ búrúújì 12, Súúrà 85 nínú Al-Kùránì sì ń jẹ́ orúkọ yẹn. Nítorí náà, fún ìpín 12 ojú ọ̀run, mo fara mọ́ búrúújì tọkàntọkàn. Ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn wa tipẹ́. Síbẹ̀ ìràwọ̀ méje ni ti ìlànà àtijọ́ yẹn: oòrùn, òṣùpá, àti àwọn márùn-ún tí ojú lásán lè rí. Ọdún 1781 ni William Herschel tó rí Yúránọ́ọ̀sì, 1846 ni ti Nẹ́ptúùnù, 1930 ni ti Plútò. A ò jogún orúkọ kankan fún àwọn mẹ́ta yìí, kò sì sí ìtìjú nínú kí a fi sípẹ́lì tiwa kọ ti àlejò. Àgùàlà (Venus) nìkan ni kí ẹnikẹ́ni má gbà lọ́wọ́ wa. Mo rí i níbìkan tí wọ́n kọ "Fínọ́ọ̀sì", ó sì dùn mí.

Fún "birth chart", èmi dábàá àtẹ ìràwọ̀ ìbí. Ata àti tòmátò ni ìyá mi ń tà. Bí ó bá ti pàtẹ láàárọ̀, ó ti pàtẹ nìyẹn: tàtàṣé sí ọwọ́ ọ̀tún, rodo sí iwájú, tòmátò sí òkè. Ibi tí ó gbé kálukú sí ni yóò wà. Ní gbogbo ìyókù ọjọ́, àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ọwọ́ wọn á máa kan èyí, á máa kan ìyẹn. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rọ̀ yìí láti ara àtẹ ìyá mi, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀, n kò rí i lọ́nà mìíràn mọ́.

Ìkọjá wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, àmọ́ ó ní ibi tirẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, 2004, Àgùàlà kọjá lójú oòrùn bí àmì dúdú kékeré kan, ó fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kọjá, ó sì lọ. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2012, kò sì ní ṣe é mọ́ títí di 2117. Àwọn onímọ̀ sánmà náà ń pe èyí ní transit, òun gan-an sì ni ìkọjá. Ó wọ ojú oòrùn láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ti awòràwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ẹni tí a bí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, 1996. Oòrùn rẹ̀ wà ní dígírì àkọ́kọ́ nínú búrúújì Àgbò (Aries), ibẹ̀ ni yóò sì wà lórí àtẹ rẹ̀ títí ayé rẹ̀. Nígbà tí Sátọ́ọ̀nù wọ Àgbò ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, 2025, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ó fi dé orí oòrùn yẹn. Ó lọ síwájú díẹ̀, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn, ó tún dé orí oòrùn náà kí oṣù Kẹjọ tó parí, ó sì padà sínú búrúújì Ẹja (Pisces). Ní oṣù Kejì 2026 ó tún dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn! Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì kan náà, Sátọ́ọ̀nù àti Nẹ́ptúùnù pàdé ní dígírì yẹn gan-an, ìpàdé tí wọ́n ti ṣe kẹ́yìn ní 1989. Awòràwọ̀ á sọ fún ọmọ yìí pé ẹrù àti ìkálọ́wọ́kò ni ti Sátọ́ọ̀nù, àlá àti kùrukùru ni ti Nẹ́ptúùnù, àwọn méjèèjì sì ti wá bá a nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Á tún fi kún un pé láàrín 2025 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, Sátọ́ọ̀nù padà sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà nígbà tí a bí i, nítorí pé ọdún 29 àti ààbọ̀ ni ó fi ń yí oòrùn ká.

Ẹ wá sọ fún mi, kí ló kọjá níbẹ̀? Ẹni tó bá kọjá ti lọ nìyẹn. Èyí dé, ó padà, ó tún dé. Yàtọ̀ sí èyí, ìkọjá fi ojú sí ìràwọ̀ tó ń rìn nìkan, kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà lórí àtẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láìsí àtẹ, kò sí transit. Ìràwọ̀ kàn ń rìn tirẹ̀ ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a wá ọ̀rọ̀-ìṣe ná, kí ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí mo mú ni kàn. Sátọ́ọ̀nù kan oòrùn ìbí rẹ̀. Ó kàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ kò ju pé nǹkan kan dé ara nǹkan kejì, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ṣe ń kan ògiri. Ẹni tí kò gbà gbọ́ lè dúró síbẹ̀. Ẹni tó gbà gbọ́ á gbọ́ ìyókù fúnra rẹ̀, nítorí pé a tún ń sọ pé "ọ̀rọ̀ yìí kàn mí", a sì ń sọ pé "ó kàn ọ́" fún ẹni tí àsìkò rẹ̀ tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó gba àwọn méjèèjì láìfi ipá mú ẹnikẹ́ni.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Kàn máa ń di kan bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ẹni tó ń kàwé láìsí àmì lè rò pé "oòrùn kan" ni a ń wí. Kàn sì tún jẹ́ ti ìṣó àti àgbélébùú. Mo gbà. Nítorí náà, kí a lò ó pẹ̀lú ara: fara kàn. Sátọ́ọ̀nù fara kan oòrùn ìbí rẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ di ìfarakàn, ó sì yàtọ̀ sí ìfarakanra, tí àwọn méjì ń kan ara wọn. Níhìn-ín, ẹnì kan ló ń rìn, ẹnì kejì dúró sójú kan lórí àtẹ. Àwọn ìfarakàn ọdún 2026: mo kà á sókè fún ara mi nínú ilé, kò há mi lọ́fun.

Bí méjì bá dé ojú kan lókè sánmà, ìpàdé ni, àwọn àgbà sì ti ṣàkíyèsí irú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ẹni tó sọ ìyẹn ti jókòó wo ojú ọ̀run fún ọ̀pọ̀ alẹ́, ó sì ti rí i pé àwọn méjèèjì máa ń ya ara wọn. Bí ìràwọ̀ bá gbé inú ilé kan lórí àtẹ (ọ̀kan nínú ìpín 12 tí awòràwọ̀ ń pín ọ̀ràn ayé ènìyàn sí) fún ìgbà pípẹ́, wọ̀ sí ni kí a lò, bí a ṣe ń sọ pé àlejò wọ̀ sí ilé lágbájá: Júpítà wọ̀ sí ilé kẹrin rẹ.

Ohun kan ṣẹ́kù tí mo fẹ́ kí a fìṣọ́ra ṣe. Nínú iṣẹ́ arábìnrin wa, ó pe fífẹ̀yìn rìn àwọn ìràwọ̀ ní "ìfàsẹ́yìn". Ìfàsẹ́yìn nínú èdè wa jẹ́ àjálù kékeré: iṣẹ́ tí kò lọ déédéé, owó tó bọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Mẹ́kúrì ń fẹ̀yìn rìn lójú wa bíi ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Sátọ́ọ̀nù ń ṣe é fún oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ́dọọdún. Kò sí èyí tó padà sẹ́yìn ní tòótọ́. Mẹ́kúrì ló ń sáré kọjá wa; ní ti Sátọ́ọ̀nù, ayé tí a wà lórí rẹ̀ ló ń sáré kọjá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ní màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣe máa ń rí ọkọ̀ tí tirẹ̀ ń yà sílẹ̀ bí ẹni pé ó ń rìn padà. Ìfẹ̀yìnrìn tó. Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ àjálù, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú gbólóhùn tirẹ̀, kí ó má fi pa mọ́ sínú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ó máa lò.

Èyí ni bí èmi yóò ṣe kọ gbólóhùn arábìnrin wa: "Mú àwọn ìfarakàn ńláńlá inú ọdún yìí, kí o wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti kan àtẹ ìràwọ̀ ìbí rẹ, àti ilé tí wọ́n wọ̀ sí." Ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin wa, ẹ kà á sókè fún ẹnì kan nílé tí kò gbọ́ nǹkan kan rí nípa awòràwọ̀, kí ẹ má ṣàlàyé, kí ẹ kàn béèrè ohun tí ó gbọ́. Mo ń retí èsì yín.