Poker: 9-9 lórí flop (káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí gbogbo wa jọ ń lò) 8-6-3: èló ni kéèyàn ta (fi lélẹ̀), ìgbà wo ló sì yẹ kó sọ ọ́ nù?

ArìnrìnTábìlì
Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá sí eléyìí. No-Limit Hold'em ni (poker tí kálukú ń gba káàdì méjì, tí kò sì sí òdiwọ̀n iye téèyàn lè ta), cash game (owó gidi ló wà lórí tábìlì), kì í ṣe tournament (ìdíje). Blind (owó tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí a tó pín káàdì) jẹ́ 1 àti 2, 200 ló wà níwájú kálukú. 9♠ 9♦ wà lọ́wọ́ mi ní cutoff (ìjókòó tó ṣáájú button), mo raise (fi kún owó) sí 6, button (ẹni tó ń ṣe kẹ́yìn) call (san iye kan náà), big blind (ẹni tó fi 2 sílẹ̀) náà call. Owó àárín di 19. Flop: 8♥ 6♥ 3♣. Big blind check (kò ta nǹkan kan). Ó jọ pé èmi ni mo ń borí, àmọ́ káàdì tó lè bà á jẹ́ pọ̀ jù. Ṣé kí n ta kékeré ni, kí n ta ńlá, àbí kí n check kí n wo turn (káàdì kẹrin) ná? Tí wọ́n bá sì raise mi ńkọ́?

BàbáOníṣirò
Àbúrò, má check. Nínú káàdì 47 tí o kò tíì rí, 20 ló ju 9 lọ, láti 10 dé A. Ìyẹn ni pé 43% ni turn fi máa gbé ọ̀kan nínú wọn jáde. Ẹni tó mú K-Q dání kò ní nǹkan kan lórí flop yìí, síbẹ̀ káàdì mẹ́fà ló lè gbà á, nǹkan bí 25% títí dé river (káàdì karùn-ún, ìkẹyìn). Tó bá sá (sọ káàdì ẹ̀ nù), èrè tìrẹ nìyẹn. Ẹni méjì lo sì ń bá ta, kì í ṣe ẹnì kan.

Ta 13. Ẹni tó ń wá flush (káàdì márùn-ún tí àmì wọn jọra) ní heart (♥) 9 tó kù, nǹkan bí 20% ló fi lè rí i ní turn. Ó máa san 13 láti du 45 (19 + 13 + 13), 29% ló nílò kó má bàa pàdánù. Tí o bá ta 5, 17% péré ló nílò: o ti tà á fún un ní pọ́ọ́kú. Má sì ta 40 o. 7-7 àti 8-7, àwọn gan-an tó yẹ kó sanwó fún ọ, máa sá lọ. Set (mẹ́ta tó jọra, tí méjì nínú wọn wà lọ́wọ́), 10-10 àti draw ńlá (káàdì tí kò tíì pé, àmọ́ tó lè pé) ló máa kù tì ọ́.

Ẹlẹ́nuRere
Mo fara mọ́ 13 yẹn, àmọ́ torí flop yìí ni o. Tó bá jẹ́ 8♠ 3♦ 2♣, tó sì jẹ́ ìwọ àti big blind nìkan, 6 tàbí 7 ti tó, torí kò sí flush draw tó yẹ kí o gbowó lọ́wọ́ ẹ̀. A-A lórí K-7-2 tí àmì wọn yàtọ̀ síra lè check nígbà mìíràn, torí káàdì tó lè bà á jẹ́ kò tó nǹkan. 9-9 kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀.

Turn gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ká ní button nìkan ló call: owó àárín di 45, 181 ló kù níwájú ẹ. 2♠ wọlé? Ta 30. J♣? Kò bà á jẹ́ tó bí ojú ṣe rí i, torí 8-7, 7-7 àti heart ló sábà máa ń call lórí flop. Mo ṣì lè ta 20. Heart wọlé? Check. 7 wọlé? Check náà: 10-9, 9-5 àti 5-4 ti di straight (káàdì márùn-ún tó tẹ̀ léra), àmọ́ ìwọ náà ń wá 10 tàbí 5 báyìí, nítorí náà má tètè sá bí wọ́n bá ta kékeré.

BàbáOníṣirò
Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ raise. Tí button bá gbé e sí 40 tí big blind sì sá, 27 lo máa fi kún un láti du 99 (19 + 13 + 40 + 27), ìyẹn 27%. Ọ̀nà 9 ni set fi lè wà lọ́wọ́ ẹ̀. A♥ pẹ̀lú heart mìíràn, ọ̀nà 10. Call lẹ́ẹ̀kan, má raise padà: A♥K♥ gan-an ju ìdajì lọ sí ọ níbẹ̀, set sì ti pa ọ́ tán. Tí big blind bá call 40 yẹn kó tó kàn ọ́, sọ káàdì ẹ nù.

ArìnrìnTábìlì
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Tó bá jẹ́ pé big blind ò check, tó ta 10 fúnra ẹ̀ ńkọ́?

Ẹlẹ́nuRere
Raise sí 35. Button tó wà lẹ́yìn ẹ lo fẹ́ lé jáde. Big blind á sì ní láti san 25 láti du 89, 28%. Call lásán máa jẹ́ kí button fi 10 péré wo turn. Tí big blind bá wá kó gbogbo owó tó kù níwájú ẹ̀ lé e, fi sílẹ̀ fún un, àfi tó bá jẹ́ ẹni tí gbogbo tábìlì mọ̀ pé ó máa ń fi draw ṣe bẹ́ẹ̀.