Ta ni yóò san ẹ̀jẹ́ òrìṣà òkun yìí?

Mo ń kọ ìtàn àròsọ nípa òrìṣà obìnrin kan tó ni òkun, ìrìn àjò àti àyípadà, ṣùgbọ́n ìjọsìn rẹ̀ ni mo há sí. Mo kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan pàtó nínú ọdún ṣe àjọ̀dún rẹ̀, àmọ́ èyí kò bá òkun mu, nítorí pé àkókò tí omi ń kún máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Mo wá so ó mọ́ òṣùpá tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú, nígbà tí òkun máa ń kún jù, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀jẹ́ ló kù. Arìnrìn-àjò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kó tó wọkọ̀, ṣùgbọ́n kó tó padà dé, òrìṣà yìí ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn (iṣẹ́ rẹ̀ ṣáà nìyẹn). Mo ní kí àwọn ará ilé rẹ̀ san án, ó sì wá dà bí gbèsè lásán.

Ètùtù wo ni ẹni tó ń lọ lè bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó padà wá, tí kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ mọ́, yóò fi lè parí rẹ̀ láìsọ ìlérí náà di asán?