Àwa ọmọ etí ọ̀sà tí a ti wọ inú omi ríru: ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìrírí yín

Ọmọ Àgbádárìgì:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Àwa tí wọ́n bí sí etí ọ̀sà, láti Àgbádárìgì títí dé Ẹ̀pẹ́, a máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí omi tí ọkọ̀ wa kò lè là kọjá. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí àwọn tó ti jókòó sínú káyákì, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tóóró tí a ń fi àjẹ̀ alápá méjì wà, lórí odò tó ń ru gùdù láàárín àpáta wá sọ ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò wa ti ń béèrè ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọ inú eré náà. N ó kọ́kọ́ sọ tèmi.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Ùgáńdà, mo sì lọ lo ìsinmi mi ní Jinja, níbi tí odò Náílì ti ń jáde láti inú adágún Victoria. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ kọ́ omi ríru ló ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá síbẹ̀, nítorí pé omi ibẹ̀ kì í tutù, ó pọ̀, ó sì jìn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣubú sínú rẹ̀ kì í sábà fi orí gbá òkúta. Láti kékeré ni mo ti ń bá bàbá mi wa ọkọ̀ igi kọjá sí Gberefu pẹ̀lú ẹrù àgbọn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ wa. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n àwọn tó ti mọ ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ òun, nítorí pé ara wọn ti ní àṣà tirẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ wa ni bí ènìyàn ṣe ń wà nínú ọkọ̀ tó ti dojú dé. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti bọ́ sómi ná. Yóò di ara ọkọ̀ mú, yóò yí i padà, yóò sì fi igbá gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù. Ti káyákì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì wà nínú ikùn ọkọ̀, aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀ sì fún ọ mọ́ ìbàdí kí omi má baà wọlé, nítorí náà bí ó bá yí, orí rẹ ló ń lọ sísàlẹ̀, tí ìdí ọkọ̀ sì ń wo ojú ọ̀run. Olùkọ́ ní kí á máa fi ọwọ́ gbá ìdí ọkọ̀ láti abẹ́ omi lọ́hùn-ún, kí ó lè mọ̀ pé ọkàn wa balẹ̀, kí á tó fa okùn kékeré tó wà níwájú aṣọ rọ́bà náà, kí á sì yọ ara wa jáde. Ìgbà tí a mọ ìyẹn tán ló tó kọ́ wa bí a ṣe ń fi àjẹ̀ àti ìbàdí yí ọkọ̀ padà sókè láì jáde rárá. Ìbàdí ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, orí ni yóò kẹ́yìn. Ọkàn ẹni kò fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé èémí ni orí ń wá. Bẹ́ẹ̀ orí tó bá kánjú jáde ni yóò tún fa gbogbo ọkọ̀ padà sínú omi.

Níbi ẹ̀yìn àpáta ni mo ti rí ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Bí omi bá ń sáré bọ̀ tó kọ lu àpáta ńlá, èyí tó wà lẹ́yìn àpáta náà máa ń yí padà, á sì máa ṣàn lọ sí òkè odò. Ibẹ̀ ni àwọn awakáyákì ti ń sinmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ọ̀nà tó kù níwájú wọn. Ìlà kan wà láàárín omi méjèèjì tí ojú ń rí dáadáa: ìfófòó a máa yí lórí rẹ̀, ojú omi a sì ga ní apá kan ju apá kejì lọ. Bí imú ọkọ̀ bá ti kọjá ìlà yẹn, omi tó ń sáré yóò gbá a mú láti ẹ̀gbẹ́. O gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí ìhà ibi tí omi ń lọ, kí o sì gbé etí ọkọ̀ tó kọjú sí òkè odò sókè, kí omi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí o bá tẹ̀ sí ìhà ibi tí omi ti ń bọ̀, omi yóò gun etí ọkọ̀, yóò sì dojú rẹ̀ dé kí o tó pe orúkọ ìyá rẹ. Gbogbo agbára èjìká tí ẹrù àgbọn fún mi kò ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti Nàìróbì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kọjá kó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló ń kọjá ìlà náà wọ́ọ́rọ́wọ́ níṣojú mi, nítorí pé ohun tí wọ́n sọ fún un nìkan ló ń ṣe.

Ohun kan wà tí mo mú láti ilé tí ó wúlò níbẹ̀. Bàbá mi kì í ti ọkọ̀ sómi láì kọ́kọ́ dúró wo ojú ọ̀sà fún ìgbà pípẹ́. Àwọn awakáyákì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìtàkìtì omi Itanda, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ń gúnlẹ̀, tí wọ́n á rìn lẹ́bàá odò, tí wọ́n á na ìka sí àpáta kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á jiyàn lórí ọ̀nà tó yẹ kí ọkọ̀ gbà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á yóò gbé káyákì rẹ̀ lé èjìká, yóò gba orí ilẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwà yìí wù mí ju gbogbo ìdárayá inú omi náà lọ. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń dárò odò wọn ṣá o. Ìdídò Bujagali, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012, ti bo púpọ̀ nínú omi ríru tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ́ sí Isimba, tí wọ́n ṣí ní 2019, sì tún bo òmíràn.

Atukọ̀ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò dé Ùgáńdà, odò tiwa níbí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ẹ mọ̀ pé odò Ọ̀ṣun ń ṣàn wọ ọ̀sà Lẹ́kí lápá ọ̀dọ̀ wa. Kò sí àpáta tó ń mú omi hó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní àsìkò òjò, tí omi bá kún, ó máa ń sáré gan-an, ó sì máa ń wó igi etí bèbè sínú ara rẹ̀. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi wa káyákì lọ sókè odò náà ní oṣù Keje, nígbà tí a sì ń bọ̀, igi ńlá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wó ti dábùú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ojú odò. Omi ń gba àárín ẹ̀ka rẹ̀ kọjá láì pariwo rárá. Ẹni tó wà níwájú wa kò tètè rí i, omi gbé e lọ bá ẹ̀ka, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí ó ṣe bọ́ níbẹ̀ ni pé ó yára fi àyà lé orí igi náà, ó fa ara rẹ̀ gòkè, ó sì jẹ́ kí káyákì máa bá omi lọ. Ní ìsàlẹ̀ odò ni a ti lọ mú ọkọ̀ náà, imú rẹ̀ ti fọ́.

Mo sọ èyí nítorí pé àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ibi tí omi ti ń pariwo, tí ó sì funfun, wọn kì í bẹ̀rù igi. Àpáta máa ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi náà a sì máa gbé ọ yí i ká. Igi kò tì í; ó ń sẹ́ omi, ó sì ń dá ènìyàn dúró. Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì tí ẹ ń ri àkájà, ìyẹn ẹ̀ka igi tí ẹ ń kó sínú omi, mọ́lẹ̀ fún ẹja yóò tètè mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì gbàgbé pé eré orí omi tó dákẹ́ náà jẹ́ eré gidi. Ayomide Bello, tí ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà mẹ́rin níbi Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti ọdún 2019 ní Mòrókò, tí ó sì ṣojú Nàìjíríà ní Òlímpíìkì Tokyo, orí omi tó dákẹ́ ló ti ń kúnlẹ̀ sáré tirẹ̀, pẹ̀lú àjẹ̀ alápá kan. Irú eré yẹn gan-an ni ọ̀sà wa bá mu.

Ìyá Tòmíwá, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Àgbádárìgì ni èmi náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibí ni mo ń gbé. Ní ọdún 2012, nígbà tí Òlímpíìkì wá sí ìlú yìí, ẹnì kan fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Lee Valley, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ lọ wò. Àfi bí mo ṣe rí orúkọ Nàìjíríà lára àwọn olùdíje! Jonathan Akinyemi ni orúkọ ọmọkùnrin náà, nínú káyákì ló sì wà, lórí omi ríru. Mo pariwo débi pé àwọn òyìnbó tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí bá mi hó yèè.

Omi ibẹ̀ kì í ṣe odò; ẹ̀rọ ló ń fà á lọ sókè, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ sínú kòtò gígùn tí wọ́n to ìdènà sí. Wọ́n so òpó méjìméjì kọ́ sókè omi, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ gba àárín wọn kọjá. Èyí tó ní àwọ̀ ewé ni a ń bá omi gbà kọjá, èyí tó pupa ni a gbọ́dọ̀ yí padà sókè odò kí á tó gbà. Bí ara tàbí àjẹ̀ bá kan òpó, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá 2 kún àkókò rẹ. Bí o bá fo ọ̀kan, 50 ni wọn yóò fi kún un, eré rẹ sì ti parí nìyẹn. N kò tíì rí eré tí ènìyàn ti ń fi gbogbo agbára sáré, kí ó sì tún máa yẹra fún igi tín-ín-rín báyẹn. Ọmọ wa kò dé àṣekágbá, ṣùgbọ́n èmi ti di olólùfẹ́ eré náà láti ọjọ́ yẹn. Lórí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti wo ti Paris ní 2024, níbi tí Jessica Fox ti Ọsirélíà ti gba wúrà méjì, tí àbúrò rẹ̀ Noemie sì gba ti eré tuntun kan, èyí tí ọkọ̀ mẹ́rin ń ti orí pèpéle gíga já sómi lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń fi ara gbá ara wọn. Olúkúlùkù wọn gbọ́dọ̀ yí ọkọ̀ rẹ̀ po lábẹ́ omi kí ó tó parí. Ohun tí Ọmọ Àgbádárìgì ń kọ́ ní Jinja nìyẹn.

Olùkọ́ Àgbà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí pé láti ìlú wa yìí ni ọ̀kan nínú ìrìn àjò orí odò tó lókìkí jù ní ilẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1830 ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n fi ẹsẹ̀ àti ẹṣin rìn la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Bussa, lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ ọkọ̀ igi ní odò Ọya, tí wọ́n sì bá a lọ títí dé ibi tó ti wọ òkun. Àwọn atukọ̀ etí odò tó mọ omi náà ló gbé wọn. Ní Bussa kan náà ni Mungo Park ti kú ní ọdún 1806, níbi tí odò ti ń la àárín àpáta kọjá. Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ síbẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí omi ríru kankan mọ́ tí a lè rí. Adágún Kainji, tí wọ́n parí ìdídò rẹ̀ ní ọdún 1968, ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń dárò ní Jinja, àwa ti ṣe é tipẹ́.

Màmá Ṣèyí:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó mọ omi wẹ̀, ó sì ní òun fẹ́ kọ́ káyákì. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ?

Ọmọ Àgbádárìgì:
Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ béèrè bóyá yóò kọ́ bí a ṣe ń jáde nínú ọkọ̀ tó dojú dé kí ó tó kọ́ bí a ṣe ń wà á. Bí olùkọ́ bá ní ìyẹn kò pọn dandan, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ara yín fa èjìká ẹ̀wù agbéniléfòó rẹ̀ sókè: bí ó bá dé etí rẹ̀, ó ti tóbi jù, yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi. Lórí ọ̀sà, ó lè bẹ̀rẹ̀ láì dé akoto, ṣùgbọ́n lórí odò tó ní àpáta, kò gbọ́dọ̀ sí orí tí kò dé e. Wọ́n pín omi ríru sí ipele 1, tó rọrùn jù, dé 6, tó le jù, nítorí náà ẹ béèrè ipele tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò ní ohun tí yóò ṣe ní ipele tó ju 2 lọ. Kí wọ́n sì sọ fún un pé bí ó bá bọ́ sínú omi tó ń sáré, kó má ṣe gbìyànjú láti dìde dúró, nítorí ẹsẹ̀ tó bá há sáàárín òkúta, omi yóò ti ara tó kù ṣubú. Kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lójú omi, kó na ẹsẹ̀ síwájú sí ìsàlẹ̀ odò, kó sì máa fi apá wẹ̀ lọ sí etí bèbè. Bí ó bá jẹ́ Àgbádárìgì ni ẹ ń gbé, ẹ jẹ́ kó wá bá mi létí ọ̀sà ní òwúrọ̀ Sátidé, kí atẹ́gùn tó dé. Mo ní káyákì kan tí n kò lò, kó kọ́kọ́ fi mọ bí ìbàdí ṣe ń yí.