Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Báwo la ṣe ń dá ilé ramen tó dára mọ̀ ní Jàpáànì, tí a kò gbọ́ èdè wọn?

Fọlákẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ọkọ mi ń lọ sí Jàpáànì ní oṣù kọkànlá. Tokyo la ó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà Kyoto, a ó sì parí ìrìn àjò náà sí Fukuoka. Ramen, ìyẹn núdùùsù inú omitooro, wà lára ohun tó ń gbé wa lọ. Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ kan náà ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìlà ibẹ̀ sì gùn. Báwo ni ènìyàn ṣe ń dá ilé ramen gidi mọ̀ ní àdúgbò tí kò mọ̀ rí? Máàkì wo ló ṣeé gbára lé? A kò lè ka ìwé wọn. Lékè gbogbo rẹ̀, ọkọ mi kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kò sì fẹ́ ọtí nínú oúnjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí níyànjú.

Gbóyèga

Fọlákẹ́, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ má tíì wo máàkì kankan. Irú ramen tí wọ́n mọ ìlú kọ̀ọ̀kan mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò á máa wá ramen Fukuoka kiri ní Tokyo, wọ́n á wá dé Fukuoka tán, kó wá jẹ́ ti Tokyo ni wọ́n ń béèrè.

Ní Fukuoka, tonkotsu ni. Eegun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sè lórí iná líle fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí omitooro rẹ̀ á fi funfun bíi wàrà. Núdùùsù ibẹ̀ tín-ín-rín, omi tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ kò sì pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè rọ̀ nínú omitooro gbígbóná. Nítorí èyí, núdùùsù díẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú abọ́. Ẹni tí kò bá yó á ní kí wọ́n bu òmíràn sí i. Kaedama ni wọ́n ń pè é, 100 sí 200 yen ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ ṣọ́ omitooro yín o! Ẹni tó bá ti mu ún tán kò ní ohun tí kaedama á bọ́ sí. Nígbà tí núdùùsù bá ku díẹ̀ nínú abọ́ ni kí ẹ ti béèrè, kí omitooro má baà tutù kí tuntun tó dé. Wọ́n á bi yín bí ẹ ṣe fẹ́ kó le tó: yawa ni rírọ̀, futsū ni èyí tí kò le tí kò sì rọ̀ jù, kata le díẹ̀, barikata le gan-an. Kata ni kí ẹ mú ní abọ́ àkọ́kọ́, torí á ṣì máa rọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́.

Kyoto máa ń ya àlejò lẹ́nu. Oúnjẹ tí kò wúwo lẹ́nu la mọ ìlú náà mọ́, ṣùgbọ́n ramen wọn máa ń ki. Ibẹ̀ ni Tenkaippin ti bẹ̀rẹ̀ ní 1971, omitooro adìẹ rẹ̀ nípọn débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ núdùùsù. Àdúgbò Ichijōji ni kí ẹ lọ, ilé ramen fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn níbẹ̀. Bí àyè kò bá sí, àjà kẹwàá ilé ibùdókọ̀ ojú irin Kyoto ní Kyoto Ramen Kōji, níbi tí ilé ramen mélòó kan kóra jọ sí. Àmọ́ àwọn ilé ibẹ̀ wá láti oríṣiríṣi ìlú, ti Kyoto nìkan kọ́.

Tokyo ní gbogbo rẹ̀. Tirẹ̀ gan-an ni shōyu, èyí tí wọ́n fi omi sóyà, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, mú dùn: omitooro adìẹ, tí wọ́n sábà ń fi ẹja gbígbẹ kéékèèké kún. Tokyo náà ni tsukemen ti jáde. Yamagishi Kazuo ti ilé Taishōken ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún oníbàárà ní 1955. Núdùùsù á wà lọ́tọ̀, omitooro tó ki á wà lọ́tọ̀, ẹ ó máa ti núdùùsù bọ omitooro náà. Bí núdùùsù bá tán, ẹ ní “sūpu-wari”, wọ́n á fi omitooro fẹ́lẹ́ là á kí ẹ lè mu èyí tó kù.

Mọ́rẹ́nikẹ́

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí máàkì, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ìràwọ̀ orí Google kì í parọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó fún wọn. Ní Shinjuku, Shibuya àti àwọn àdúgbò tí àlejò pọ̀ sí, ilé tó ní 4.6 lè jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ìlà rẹ̀ sì yá, kò dandan kí omitooro rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ilé tó ní 3.9, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èdè Jàpáànì ni gbogbo oníbàárà fi kọ ọ̀rọ̀ wọn, ni kí ẹ yà sí. Ẹ to àwọn ọ̀rọ̀ náà láti orí èyí tó tuntun jù, kí ẹ wo ọjọ́ orí àwòrán. Bí omitooro inú àwòrán ọdún yìí bá yàtọ̀ sí ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ tó ń sè é ti yí padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá orúkọ ilé náà lórí Tabelog, ìkànnì tí àwọn ará Jàpáànì fúnra wọn fi ń fún ilé oúnjẹ ní máàkì láti 2005. Máàkì ibẹ̀ le. Bí ẹ bá rí 3.2, ẹ má sá: ilé oúnjẹ gidi ni. 3.5 sókè, ẹ lọ láìbéèrè. Ilé tó bá sún mọ́ 4.0 ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ìlà á wà níbẹ̀. Wọn kì í kàn ṣírò gbogbo máàkì pọ̀ kí wọ́n pín in. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti jẹun káàkiri wúwo ju ti ẹni tó kọ ẹyọ kan lọ. Tabelog tún máa ń yan ọgọ́rùn-ún ilé, 百名店 ni wọ́n ń pè é, ti ramen sì wà lọ́tọ̀ fún Tokyo. Ẹ wo àmì yẹn.

Bí ẹ bá ń wá a lórí máàpù, ẹ da ọ̀rọ̀ wọn gan-an kọ síbẹ̀, ẹ má lo Gẹ̀ẹ́sì: ラーメン ni ramen, 中華そば ni irú shōyu àtijọ́, つけ麺 ni tsukemen, 豚骨 ni eegun ẹlẹ́dẹ̀, 味噌 ni miso (ẹ̀wà sóyà tí wọ́n pò tí wọ́n sì mú kan), 塩 ni oníyọ̀. Èsì tó máa jáde yàtọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá dúró lójú pópó, ẹ tún wo 自家製麺 lára ògiri tàbí ọ̀págun: àwọn fúnra wọn ló ń ṣe núdùùsù wọn. Ilé tó ní ìjókòó bíi mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, tí ohun tó ń tà kò ju mẹ́rin márùn-ún lọ, ni mo máa ń fi ọkàn sí ju ilé tó ń ta ramen, sushi àti ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti Michelin, ìwé atọ́nà tó ń fún ilé oúnjẹ ní ìràwọ̀, ńkọ́? Tsuta ní Tokyo ni ilé ramen àkọ́kọ́ tó gba ìràwọ̀ wọn, nínú ìwé ọdún 2016. Ṣùgbọ́n Bib Gourmand wọn, àmì tí wọ́n ń fún ilé tí oúnjẹ rẹ̀ dára tí kò sì wọ́n, wúlò fún arìnrìn àjò ju ìràwọ̀ lọ, torí ó pọ̀ ó sì tàn káàkiri ìlú.

Fọlákẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́. Mo ti da àwọn ọ̀rọ̀ yẹn kọ sínú fóònù. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ ni ènìyàn ń sanwó fún lẹ́nu ọ̀nà. Báwo ni a ṣe ń lò ó? Ìgbà wo ló sì dára kí a lọ?

Kọ́láwọlé

Ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì rọrùn, owó ló ń dá ènìyàn dúró. Ẹ kó owó onítákàdá 1,000 yen àti owó ẹyọ dání, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kì í gba 5,000 tàbí 10,000. Àwọn kan kò tíì gba owó tuntun tí ìjọba wọn gbé jáde ní July 2024, nítorí náà ẹ ṣa tuntun àti àtijọ́ pọ̀ sínú pọ́ọ̀sì. Abọ́ kan sábà máa ń wà láàárín 800 sí 1,300 yen. Wọn kì í gba owó ẹ̀bùn.

Ẹ kọ́kọ́ ti owó bọ inú ẹ̀rọ, kí iná bọ́tìnì tó tàn. Bọ́tìnì tó wà lókè pátápátá lápá òsì sábà máa ń jẹ́ ramen tí ilé náà fi ń yangàn, òun ni kí ẹ tẹ̀ bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ fẹ́. 特製 ni èyí tí wọ́n kó ẹyin àti ẹran púpọ̀ sí, 大盛 ni abọ́ ńlá, 味玉 ni ẹyin tí wọ́n rẹ sínú omi sóyà, 売切 túmọ̀ sí pé ó ti tán. Ẹ gbé kámẹ́rà áàpù atúmọ̀ èdè sí i, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é kí ó tó kàn yín, ìlà wà lẹ́yìn yín. Bí ṣéńjì kò bá jáde fúnra rẹ̀, ẹ fa irin tí wọ́n kọ おつり sí. Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì lé orí káńtà bí ẹ bá ti jókòó.

Ní ti àsìkò: ọ̀pọ̀ wọn ń ṣí láàárọ̀ ní aago 11, wọ́n á tì í ní nǹkan bí aago 2 àbọ̀, wọ́n á tún ṣí ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ẹ sá fún aago 12 sí aago 1, ìgbà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń tú jáde. Aago 10 àbọ̀ ni kí ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tí ẹ bá fẹ́ gan-an. Bí ẹ bá ní kó di aago 2 kí ẹ tó lọ, ìlà lè kúrú, ṣùgbọ́n omitooro lè ti tán, bí ó bá sì ti tán wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sórí Google. Aṣọ noren tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni kí ẹ wò: bí wọ́n bá ti ká a wọlé, ó parí.

Ìlà náà ní òfin. Ní ilé kan, ẹ ó kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó tò. Ní òmíràn, ẹ ó tò kí wọ́n tó ní kí ẹ wá rà á. Òmíràn ń pín nọ́ńbà láàárọ̀ kí ẹ padà wá. Ẹ wo ohun tí ẹni iwájú ń ṣe. Ẹnì kan kì í tò dúró de ẹlòmíràn, ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀. Ẹ má gbé àpótí ìrìn àjò wá síbẹ̀, kò ní àyè. Ẹ fi sínú lọ́kà ibùdókọ̀.

Abdul-Ganiyu

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ ọkọ Fọlákẹ́ má di ohun ìgbàgbé. “Omitooro adìẹ” kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Ibi mẹ́ta mìíràn ló ń gbà wọlé: ẹran tí wọ́n gé lé e lórí, ọ̀rá olóòórùn dídùn tí wọ́n dà sórí rẹ̀, èyí tó lè jẹ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, àti ìkòkò tí wọ́n jọ ń bọ núdùùsù gbogbo. Ọtí sì máa ń wà nínú tare, ìyẹn omi amọ́bẹ̀dùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń dà sí ìsàlẹ̀ abọ́. Sake àti mirin ni wọ́n ń fi sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí wọ́n yọ ẹran kúrò lórí, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ilé tí wọ́n bá kọ halal sí ni kí ẹ wá. Naritaya wà ní Asakusa ní Tokyo, kò jìnnà sí tẹ́ńpìlì Sensōji. Kyoto ní Ayam-YA, tó ń fi adìẹ se tirẹ̀. T's TanTan náà wà nínú ibùdókọ̀ Tokyo, kì í lo ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà. Ṣùgbọ́n inú géètì ojú irin ló wà, ẹ jẹ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń wọkọ̀. Ti ọtí, ẹ bi wọ́n léèrè, torí ilé tí kì í lo ẹran lè lo mirin. Fukuoka ló máa le jù, torí eegun ẹlẹ́dẹ̀ ni ìlú yẹn fi gbajúmọ̀. Ẹ wá ilé halal ibẹ̀ sínú fóònù kí ẹ tó gbéra.

Tóyìn

Mo fẹ́ fi méjì kún un. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ jẹ ramen ní yatai, àwọn káńtà ojú pópó Fukuoka ní Nakasu àti Tenjin. Ẹ lọ síbẹ̀ fún afẹ́fẹ́ alẹ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ má lọ síbẹ̀ torí ramen; èyí tó wà nínú ilé dára jù ú lọ. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí.

Èkejì: bí ẹ bá rí 二郎 lára pátákó, ẹ mọ̀ pé Jirō ni, ilé tó bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo ní 1968. Abọ́ kékeré wọn máa ń gba nǹkan bí 300 gíráàmù núdùùsù tí wọn kò tíì sè, ìlọ́po méjì ti ilé mìíràn. Ẹni tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù níbẹ̀ ń tàbùkù ilé náà. Ẹ ní “sukuname” nígbà tí ẹ bá ń fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dín in kù. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó jáde, wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ aáyù sí i. Ìgbà yẹn náà ni ẹ máa sọ bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀fọ́ tàbí ọ̀rá púpọ̀.

Gbóyèga

Jirō kọ́ ni kí ẹni tó ń jẹ ramen fún ìgbà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, Tóyìn. Tonkotsu olóòórùn líle náà kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti shōyu.

Fọlákẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo rò nìyí: Naritaya lọ́jọ́ tí a bá lọ sí Asakusa, T's TanTan láàárọ̀ tí a bá ń wọkọ̀ lọ Kyoto. Èmi nìkan á lọ jẹ shōyu àti tsukemen. Ṣé mo lè jẹ méjèèjì lọ́jọ́ kan?

Kọ́láwọlé

Ẹ lè ṣe é bí ẹ bá jẹ shōyu ní aago 11, kí tsukemen di alẹ́. Núdùùsù tsukemen pọ̀, 200 gíráàmù sókè ni ó sábà máa ń jẹ́, ẹ má mú 大盛. Kí ẹ tó jáde nílé lọ́jọ́ náà, ẹ wo ojú ewé ilé náà lórí X. Bí ẹ bá rí 臨時休業, wọn kò ní ṣí lónìí. 定休日 ni ọjọ́ ìsinmi wọn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ ti fi àmì sí ilé kejì tó wà nítòsí lórí máàpù.