Àjọtọ́wò: orúkọ tí mo dábàá fún mezze

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí á máa pe mezze àwọn ará Lẹ́bánónì, èyíinì ni oríṣiríṣi oúnjẹ inú àwo kéékèèké tí a jọ ń jẹ, ní "ìpanu", kí á sì pe èyí tí kò ní ẹran, ẹyin tàbí wàrà nínú ní "oúnjẹ ewébẹ̀". Mo bọ̀wọ̀ fún àbá náà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn.

Ìpanu ni ohun tí ènìyàn fi ń tan ebi kí oúnjẹ gan-an tó dé, ẹnì kan sì lè dá a jẹ lójú ọ̀nà. Mezze kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Zahlé, ìlú etí odò Berdawni ní Lẹ́bánónì, tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ìlú tí a mọ̀ fún oúnjẹ lọ́dún 2013, àwo kéékèèké ni wọ́n máa ń tò títí tábìlì yóò fi kún, tí kálukú yóò máa ya búrẹ́dì pẹlẹbẹ, tí yóò máa fi í bù nínú àwo kan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ jókòó, tí ìtàkurọ̀sọ yóò sì máa lọ láìsí ìkánjú. Lọ́dọ̀ àwọn ará Páṣíà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, ìtọ́wò ni ó túmọ̀ sí. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "àjọtọ́wò", gẹ́gẹ́ bí a ti ní "àjọṣe" àti "àjọjẹ".

Ní ti "ewébẹ̀", òótọ́ ni pé nínú tabbouleh, ọ̀kan lára àwọn oúnjẹ mezze, ewé parsley pọ̀ ju àlìkámà fífọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni hummus, òun gan-an ni orúkọ ẹ̀wà náà lédè Lárúbáwá. Wọ́n á sè é kí ó rọ̀ dáadáa, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú yànmọ̀tí, aáyù àti omi òroǹbó kíkan. Ìgbá ńlá tí wọ́n sun títí èèpo rẹ̀ fi jó dúdú ni mutabbal. Ewébẹ̀ dà níbẹ̀? "Oúnjẹ ọ̀gbìn" ló gba gbogbo wọn mọ́ra.

Àwọn Kristẹni Lẹ́bánónì ní ọ̀rọ̀ tiwọn, siyami, èyíinì ni "ti ààwẹ̀", nítorí irú oúnjẹ yìí ni wọ́n ń jẹ nígbà Lẹ́ńtì. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n bí a bá kọ "oúnjẹ ààwẹ̀" fún òǹkàwé Yorùbá, sàárì tàbí ìṣínu ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.