Irin nínú, ṣúgà lẹ́yìn: ṣé kí Màmá gbà á?

Àbígbẹ̀yìn Màmá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kíndìnrín ń yọ màmá mi lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n lo oògùn oníhóró títí, pàbó. Dókítà wá ní àwọn fẹ́ fa ferumoxytol, oògùn irin tó ń gba inú iṣan wọlé, sí wọn lára. Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní nánò ni, ìyẹn hóró tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ: irin ló wà nínú, nǹkan bíi ṣúgà ló bò ó. Àyà mi já. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni wọ́n máa ṣe MRI orí fún wọn, òòfà sì ni MRI fi ń ya àwòrán inú ara. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má bú mi.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ta ló máa bú yín? Ṣúgà yẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣeé gbà. Irin tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ní ìhòòhò, ìjà ló ń bá ara jà. Èyí tí wọ́n wé, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀dọ̀ á gbé e mì, wọ́n á máa tú irin rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ara àwọn kan máa ń kọ̀ ọ́ lójijì, ó sì lè la ẹ̀mí lọ; ìdí nìyẹn tí àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fi fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sí i ní 2015. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ à ń sáré gún: ó kéré tán, ìṣẹ́jú 15 ni yóò fi wọlé, kí wọ́n sì tún ṣọ́ Màmá fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ bi Màmá bóyá wọ́n ti fa irin sí wọn lára rí.

Bàbá Ẹ̀rín: Nánò tí ẹ ń sá fún! Ìlà pupa tó ń yọ lára ọ̀pọ̀ páálí tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò, nánò wúrà ni, tí wọ́n fi agbóguntàrùn, èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ń wá, wé. Wúrà tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, pupa ló ń rí. Mo ti ra wúrà fún ìyàwó mi láìmọ̀.

Ayàwòrán Inú: 😂 Ẹ jẹ́ ká dáhùn ti MRI. Òòfà ò ní fa Màmá ya. Àwòrán ni irin náà ń yí padà, ó sì lè tó oṣù mẹ́ta kó tó kúrò níbẹ̀. Àwọn dókítà mìíràn tiẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ lò ó láti fi ya àwòrán ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe MRI ṣáájú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n fà á fún ẹni tó máa ya á.

Àbígbẹ̀yìn Màmá: Ẹ ṣeun. Wọ́n ti gbà láti kọ́kọ́ ṣe MRI kí wọ́n tó fa irin náà. Mo bi Màmá: wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan rí, níbòmíràn, tí wọ́n fa irin sí àwọn lára, ara yún àwọn, ètè wú. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Háà! Ẹ pe dókítà nísinsìnyí, kó má di ọ̀la. Ẹni tí irin inú iṣan èyíkéyìí bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, wọn kì í fún un ní ferumoxytol.